Láti Igbó Olókun Dé Ìsàlẹ̀ Òkun: Ìtàn Dígí, Ìmọ́lẹ̀ àti Omi Tí Kì Í Dúró Jẹ́ẹ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpinpin ìtàn bí ọmọ ènìyàn ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ rán ọ̀rọ̀ gba inú òkun kọjá, ó sì wo ìtàn náà láti ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá láti àgbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. A bẹ̀rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ dígí ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, a gba orí okùn abẹ́ òkun tí ó dé Èkó ní ọdún 1886 àti fọ́nrán dígí ayé òde òní kọjá, a sì dé orí ìwádìí tuntun nípa ìtànṣán lésà oníbátànì nínú omi tí ń ru gùdù. Àríyànjiyàn wa ni pé àfiwé láàárín dígí Ifẹ̀ àti fọ́nrán dígí abẹ́ òkun wúlò fún ìkọ́ni, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ di ẹ̀rí ìtàn. A sì fi hàn pé èdè Yorùbá ní irinṣẹ́ tí ó tó láti ṣàlàyé ìmọ̀ yìí láìdín in kù.

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tí ń gbé ọ̀rọ̀ gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Orúkọ wọn ni WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ní ọjọ́ náà gan-an, íńtánẹ́ẹ̀tì di ọ̀wọ́n ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Báńkì kò lè fi owó ránṣẹ́, àwọn oníṣòwò tí ń fi fóònù gba owó sì ń wo ojú oníbàárà wọn. Ọ̀wọ̀ ni mo wà. Ọ̀wọ̀ jìnnà sí òkun; ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà ti dàgbà kí wọ́n tó fi ojú ara wọn rí ìgbì òkun. Síbẹ̀, ohun tí ó já ní ìsàlẹ̀ òkun ní Abidjan já ọ̀rọ̀ wa gbà lẹ́nu.

Ní kíláàsì lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti Ìfọ́n wá dìde, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń rán gba inú okùn yẹn, kí ló dé tí wọn kò rán ìmọ́lẹ̀ náà gba inú omi tààrà, kí okùn má baà já mọ́?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo dáhùn pé omi kò ní jẹ́ kí ó ṣeé ṣe, mo sì bá iṣẹ́ lọ. Ìdáhùn náà kò tó. Nígbà tí mo padà délé ni mo rí i pé ìbéèrè tí ọmọ náà bèèrè ni àwọn onímọ̀ ní Leiden, ní Los Angeles, ní Ottawa àti ní Johannesburg ti ń bèèrè láti ọdún yìí wá.

Mo tún rí àṣìṣe mìíràn tí ó jẹ́ tèmi. Ó ti pẹ́ tí mo ti máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé àwọn baba wa ti mọ àṣírí okùn abẹ́ òkun, nítorí dígí ni a fi ṣe é, igbó tí a sì ti ń ṣe dígí ní Ifẹ̀, Olókun ni ó ni ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, inú àwọn ọmọ sì máa ń dùn. Ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ ni? Iṣẹ́ yìí jẹ́ gbèsè méjì tí mo fẹ́ san: ìdáhùn sí ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ náà, àti àtúnṣe sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ.

Dígí Igbó Olókun

Igbó Olókun wà ní ìhà àríwá Ilé-Ifẹ̀. Leo Frobenius, ará Jámánì, gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1910, ó sì rí àwọn ìkòkò tí dígí lẹ̀ mọ́ inú wọn. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé láti òkè òkun ni dígí náà ti wá, pé àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń yọ́ ọ padà láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ni. Ní ọdún 2006, Lankton, Ige àti Rehren gbé àyẹ̀wò jáde tí ó fi hàn pé èròjà dígí Ifẹ̀ yàtọ̀: ẹfun òkúta àti álúmínà inú rẹ̀ pọ̀ ju ti dígí ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí ti etí òkun Mẹditaréníà lọ. Abídèmí Babalọlá gbẹ́ ilẹ̀ ní Igbó Olókun láàárín ọdún 2010 sí 2012. Nínú àbájáde tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2017, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò ìyọ́dígí àti pàǹtí iṣẹ́ dígí. Wọ́n fi iṣẹ́ náà sí àárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Irú dígí yìí kan náà ti jáde nínú ilẹ̀ títí dé Gao ní Mali. A lè sọ láìṣiyèméjì, nígbà náà, pé àwọn ará Ifẹ̀ ṣe dígí fúnra wọn láti inú èròjà ilẹ̀ wọn, wọ́n sì tà á dé ọ̀nà jíjìn.

Ọ̀wọ̀ kò ṣe àjèjì sí ìtàn yìí. Àwọn ère amọ̀ tí Ekpo Eyo hú jáde ní Igbó Láàjà ní Ọ̀wọ̀ ní ọdún 1971 fi hàn bí ọnà Ọ̀wọ̀ ṣe bá ti Ifẹ̀ tan, tí ó sì tún bá ti Ìbìní tan. Ìlẹ̀kẹ̀ sì wà lára àmì oyè ní ààfin Ọlọ́wọ̀ títí di òní.

Ibí yìí ni ó yẹ kí a ti rọra. Kí ni aṣèlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ ń wá lára dígí? Àwọ̀ àti dídán ni. Sẹ̀gi dára nítorí pé ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú ẹni tí ń wò ó. Ohun tí aṣefọ́nrán òde òní ń wá ni òdì kejì rẹ̀ pátápátá: dígí tí kò ní àwọ̀ rárá, tí kò dá ìmọ́lẹ̀ dúró, tí kò sì fà á mu. Yanrìn àti iná ni àwọn méjèèjì fi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí okùn ìran láàárín iṣẹ́ kan àti èkejì. Ìbátan wọn jẹ́ ti èròjà, kì í ṣe ti ẹ̀kọ́ tí ọ̀kan kọ́ lọ́dọ̀ èkejì. Orúkọ Olókun tí igbó náà ń jẹ́ tọ́ka sí ọrọ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀ tí a gbà pé ó ti ọwọ́ òrìṣà náà wá; kò tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí a ń rán. Ọlá àwọn aṣèlẹ̀kẹ̀ náà tó bí ó ti wà. Kò yẹ kí a fi irọ́ kún un.

Àrokò, wáyà àti fọ́nrán dígí

Bí a bá fẹ́ wá ẹni tí ó ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ rírán, ìdí àrokò ni ó yẹ kí a lọ. Ní ọdún 1885, C. A. Gollmer tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa àrokò tí àwọn Yorùbá ń fi owó ẹyọ, ìyẹ́ àti àwọn nǹkan mìíràn rán sí ara wọn. Bí ẹnìkan bá so owó ẹyọ mẹ́fà, ọ̀rọ̀ tí ó rán ni pé ọkàn òun fà sí ẹni náà, nítorí ẹ̀fà àti fà jọ ní ohùn kan. Bí a bá so owó ẹyọ méjì ní ojú-kojú, ìfẹ́ àti rí ara ẹni ni. Bí a bá so wọ́n ní ẹ̀yìn-kẹ́yìn, ìjà ni. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: owó ẹyọ kan náà ni, ìtò rẹ̀ ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. A ó padà sí orí rẹ̀.

Ní ọdún kejì, 1886, okùn tẹlifíráàmù gba abẹ́ òkun dé Èkó, ó sì so ìlú náà pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Wáyà kọ́pà ni, tí a fi oje igi bò kí omi má baà wọ̀ ọ́. Iná mànàmáná ni ó ń gbé ọ̀rọ̀. Àǹfààní rẹ̀ kò dọ́gba: ìjọba amúnisìn àti àwọn oníṣòwò òkèèrè ni ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún. Ọ̀rọ̀ tí ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ọkọ̀ ojú omi di ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan.

Ìmọ́lẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kọ́pà ní ìgbà díẹ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1960, Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1966, Charles Kao àti George Hockham, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé pé bí a bá lè ṣe dígí tí ìdá 1 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ yóò ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn kílómítà kan, a lè fi rán ọ̀rọ̀. Dígí tí ó wà nígbà náà kò súnmọ́ ìwọ̀n yẹn rárá. Ní ọdún 1970, Maurer, Keck àti Schultz ní ilé-iṣẹ́ Corning ṣe fọ́nrán tí ó kọjá rẹ̀. Kao gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2009. Okùn fọ́nrán dígí àkọ́kọ́ tí ó la òkun Àtìláńtíìkì kọjá, TAT-8, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1988. SAT-3 gbé irú rẹ̀ dé Èkó, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2002. Lẹ́yìn náà ni Glo-1 àti MainOne tẹ̀lé e ní ọdún 2010; okùn MainOne gùn tó nǹkan bí kílómítà 7,000 láti Pọ́túgà dé Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Equiano gúnlẹ̀ sí Èkó. Olaudah Equiano ni wọ́n fi sọ orúkọ rẹ̀, ẹni tí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sọ bí wọ́n ṣe gbé e gba orí òkun yìí kan náà lọ sí oko ẹrú.

Ẹ̀yin òǹkàwé yóò ti ṣàkíyèsí pé ohùn nìkan ni ó ya okùn sọ́tọ̀ kúrò lára òkun nínú èdè wa. Lẹ́tà wọn kò yàtọ̀. Èyí náà yóò wúlò fún wa láìpẹ́.

Ohun tí omi ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀

Kí ló dé tí a kò rán ìmọ́lẹ̀ gba inú omi tààrà? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé omi òkun kò mọ́ tó bí ojú wa ṣe rò. Ohun méjì ni ó ń pa ìmọ́lẹ̀ lára nínú omi. Èkínní ni fífà mu: omi àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ń gba agbára ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ di ooru. Èkejì ni fífọ́nká: ẹrẹ̀, iyanrìn kíkúnná àti àwọn ohun abẹ̀mí wínníwínní ń yí ìmọ́lẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ tí Seibert Duntley tẹ̀ jáde ní ọdún 1963, ó fi yé wa pé ilẹ̀kùn kan ṣì ṣí sílẹ̀ díẹ̀: ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù àti àwọ̀ ewé ni ó ń rìn jìnnà jù nínú òkun. Pupa kì í rìn jìnnà. Ìdí nìyẹn tí ohun pupa fi ń dúdú lójú ẹni tí ó bá rì wọ ìsàlẹ̀ omi.

Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ sábà ń lò nìyí. Nínú omi àárín òkun tí ó mọ́, ìdá 22 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn mítà 10. Nínú omi etíkun, nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ni. Nínú omi èbúté tí ó dàrú, ohun tí ó ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn mítà 10 kò tó ìdá 1 nínú bílíọ̀nù kan. Ẹ fi èyí wé fọ́nrán dígí òde òní: ìmọ́lẹ̀ ní láti rin kílómítà 15 nínú rẹ̀ kí ó tó dín kù dé ìdajì. Nínú omi àárín òkun, kò ní pé mítà 5 tí ìdajì yóò ti lọ. Dígí mọ́ ju òkun lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìdáhùn tí ó tọ́ sí ọmọ Ìfọ́n náà nìyẹn: ìmọ́lẹ̀ tí ó gba inú omi kò lè ti Pọ́túgà dé Èkó. Kò lè dé òdìkejì ọ̀sà Èkó pàápàá.

Kí ni a wá ń wá nínú rẹ̀? Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ omi ni: rọ́bọ́ọ̀tì tí ń yẹ páìpù epo wò, ẹ̀rọ tí ń wọn ìgbóná òkun, àti ẹ̀rọ tí ń wá ojú ibi tí okùn ti já. Ìgbì rédíò ń kú kíákíá nínú omi oníyọ̀. Ìró ń rìn jìnnà, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀: nǹkan bí mítà 1,500 ni ó ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀rọ̀ tí ó sì lè gbé kò pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn tó kílómítà 225,000 nínú omi ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì lè gbé àwòrán tí ń rìn. Láàárín ìwọ̀nba mítà díẹ̀ sí ìwọ̀n mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá, kò sí ohun tí ó tó o.

Omi tí ń ru gùdù

Ká ní omi mọ́ tónítóní, ìṣòro mìíràn ṣì wà. Ẹ da iyọ̀ sínú ife omi tí ó mọ́, kí ẹ má rò ó, kí ẹ gbé e sí ojú oòrùn. Ẹ ó rí àwọn ìlà tín-ín-rín tí ń gbọ̀n nínú rẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Omi tí iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ju omi tí iyọ̀ inú rẹ̀ kéré lọ ni. Omi gbígbóná àti omi tútù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí omi bá fi ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì kan gbóná sí i, agbára tí ó fi ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ń yí padà ní nǹkan bí ìdá 1 nínú 10,000. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ìlọ́po 100 èyí tí ń ṣẹlẹ̀ nínú afẹ́fẹ́.

Òkun kì í dúró jẹ́ẹ́. Ní ọdún 1941, Andrei Kolmogorov ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ṣàlàyé bí ìrugùdù ṣe ń rìn: ìyípo omi ńlá ń fa agbára rẹ̀ lé ìyípo kéékèèké lọ́wọ́, àwọn yẹn ń fà á lé èyí tí ó kéré jù wọ́n lọ lọ́wọ́, títí agbára náà yóò fi di ooru. Ní ọdún 2000, Nikishov àti Nikishov gbé ìṣirò kan jáde tí ó pa ìgbóná omi àti iyọ̀ omi pọ̀ nínú irú ìrugùdù yìí, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí lésà inú òkun ni ó sì dúró lé e lórí láti ìgbà náà. Nígbà tí ìtànṣán lésà bá wọ irú omi bẹ́ẹ̀, ohun mẹ́ta ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ó ń ṣáko kúrò lójú ibi tí a dojú rẹ̀ kọ. Ó ń tàn ká ju bí ó ṣe yẹ lọ. Ó sì ń ṣẹ́jú, bí ìràwọ̀ ṣe ń ṣẹ́jú lálẹ́. Ẹ̀rọ tí ó ń dúró de ọ̀rọ̀ ní òdìkejì yóò máa rí ìmọ́lẹ̀ tí ń wá tí ń lọ.

Ìtànṣán oníbátànì

Ní ọdún 1992, Les Allen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leiden, ní Nẹ́dálándì, fi hàn pé a lè mú kí ìgbì ìmọ́lẹ̀ lọ́ bí ìtàkùn ṣe ń lọ́ mọ́ igi. Ojú ìgbì lésà lásán dà bí àwo tí a tò léra. Ojú ìgbì ìtànṣán onílílọ́ ń yí po bí ó ṣe ń lọ, àárín rẹ̀ sì ṣófo. Bí ó bá balẹ̀ sára ògiri, ó dà bí òṣùká. A lè mú kí ó lọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà, síbẹ̀ ẹ̀rọ lè yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ohun tí a ń pè ní ìtànṣán oníbátànì nìyí: ìmọ́lẹ̀ tí a ti ṣètò ìrísí rẹ̀ kí a tó rán an.

Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Ẹ wo igbá, igba, ìgbà àti igbà. Lẹ́tà kan náà ni. Ohùn ni ó sọ ọ̀kan di ohun èlò, tí ó sọ èkejì di iye, tí ó sọ ẹ̀kẹta di àkókò, tí ó sì sọ ẹ̀kẹrin di ohun tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Bí a ṣe ń fi ohùn kó ọ̀rọ̀ mẹ́rin sínú àwọn lẹ́tà kan náà, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń fi lílọ́ kó ọ̀rọ̀ mẹ́rin sínú ìtànṣán kan. Èyí kan náà ni àrokò ń ṣe pẹ̀lú owó ẹyọ.

Àfiwé náà tún ṣàlàyé ewu rẹ̀. Ẹ mú ojú-ìwé Yorùbá kan, kí ẹ nu gbogbo àmì ohùn orí rẹ̀ kúrò. Lẹ́tà kò dín kan, ṣùgbọ́n òǹkàwé yóò máa ṣi ọ̀rọ̀ kan mú fún òmíràn. Ohun tí ìrugùdù omi ń ṣe sí ìtànṣán onílílọ́ nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ lè dé láìdín kù púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a lọ́ lẹ́ẹ̀kan yóò ti dà pọ̀ mọ́ èyí tí a lọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ yóò sì dàrú.

Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Gúúsù Kalifọ́níà kó ìtànṣán onílílọ́ mẹ́rin pọ̀ nínú àgbá omi, wọ́n sì fi rán gígábíìtì 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ọdún kan náà, àwọn ti Clemson rán gígábíìtì 3 gba omi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 3. Àwọn ti Ottawa ní Kánádà gbé tiwọn jáde kúrò nínú ilé: wọ́n gba inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ìta gbangba, àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2018, ní ọdún 2019, wọ́n jábọ̀ lórí odò Ottawa fúnra rẹ̀, ní mítà 5.5. Òǹkàwé yóò rí i pé iye mítà náà kéré. Kì í ṣe àléébù àwọn onímọ̀ náà. Ibi tí ìmọ̀ dé nìyẹn.

Àríyànjiyàn tí ó wà nílẹ̀ báyìí ni bóyá bátànì lè gba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ìrugùdù, tàbí bóyá àyè ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ń fi kún. Ní ọdún 1987, J. Durnin gbé ìtànṣán Bessel jáde, èyí tí ó ń tún ara rẹ̀ ṣe bí ohun kékeré kan bá dí i lọ́nà. Èyí fún àwọn kan ní ìrètí. Ṣùgbọ́n ìrugùdù kì í ṣe ohun kékeré kan lójú ọ̀nà. Gbogbo ojú ọ̀nà ni. Ní Johannesburg, Andrew Forbes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Witwatersrand gba ọ̀nà mìíràn. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2023, wọ́n ní kí a má wá bátànì tí yóò ṣẹ́gun gbogbo ìrugùdù. Kí a wá èyí tí ó bá ìrugùdù kan pàtó mu, tí yóò wọlé tí yóò sì jáde ní ìrísí kan náà. Inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ṣe é. Ó ní láti jẹ́ pé a mọ ojú ọ̀nà kí a tó yan bátànì, omi sì ń yí padà kí a tó ṣẹ́jú. Bí a bá fi ojú dídúró lójú ọ̀nà nìkan wò ó, ìtànṣán onílílọ́ kò tíì fi gbogbo ìgbà borí ìtànṣán lásán. Àyè ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ ni èrè rẹ̀ tí ó dájú.

Ẹrẹ̀ Mahin àti omi Ọ̀sẹ̀

Ó yẹ kí ìtàn yìí padà sílé. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní etíkun tirẹ̀, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pe ibẹ̀ ní etíkun ẹrẹ̀ Mahin, nítorí pé ẹrẹ̀ ni ó wà níbi tí iyanrìn wà ní etíkun Èkó. Níbẹ̀ ni Ayétòrò wà, ìlú tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, tí òkun sì ti ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀ wọlé. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ẹrẹ̀ ni ó ń pa ìmọ́lẹ̀ kí ìrugùdù tó rí ààyè ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró sí etí odò Ọ̀sẹ̀ nígbà òjò ti rí ìdí rẹ̀: omi tí ojú ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti pọ́n bí amọ̀. Gbogbo odò wa ni ó ń kó irú ẹrù yìí lọ sí ọ̀nà òkun, omi wọn tí kò ní iyọ̀ sì ń pàdé omi oníyọ̀ ní ẹnu òkun. Ibi tí omi méjèèjì bá ti ń dà pọ̀ ni ìtẹ̀sí ìmọ́lẹ̀ ti ń yí padà jù.

Èyí túmọ̀ sí pé a kò lè gbé ìwọ̀n tí a rí nínú àgbá omi ní Kalifọ́níà tàbí nínú odò Ottawa wá sí etíkun wa bí ó ti wà. Omi wa gbóná ju tiwọn lọ, ẹrẹ̀ rẹ̀ pọ̀, òjò sì ń yí i padà láti oṣù dé oṣù. Ẹni tí yóò bá fi lésà ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ní láti wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Àwọn apẹja Ìlàjẹ, tí wọ́n ń fi àwọ̀ omi mọ ibi tí ẹja wà, ti ń wo ohun tí onímọ̀ náà yóò wọ̀n láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́.

Èdè tí a ó fi kọ́ ọ

Àgbègbè Ọ̀wọ̀ ní ìdí láti bèèrè ẹni tí ìmọ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ṣí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ní gbangba ní oṣù kẹrin ọdún 1951, Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ ìlú náà, ni ó sì kọ ìlànà ẹ̀kọ́ tí ó di ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ìyẹn ṣí ilẹ̀kùn. Ní ọdún 1970, ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Babs Fáfúnwá jẹ́ aṣáájú rẹ̀, bèèrè ìbéèrè kejì: èdè wo ni a ó fi kọ́ ọmọ tí ó wọlé? Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì kẹ́yìn àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́.

Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún ó lé, ọmọ Ìfọ́n bèèrè ìbéèrè ní kíláàsì, olùkọ́ rẹ̀ kò sì rí ọ̀rọ̀ dáhùn. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ kò sí. Nínú iṣẹ́ yìí, fọ́nrán, ìtànṣán, bátànì, lílọ́, fífà mu, fífọ́nká àti ìrugùdù ni a fi ṣiṣẹ́, kò sì sí èyí tí a ní láti tọ òkèèrè lọ yá bí kò ṣe lésà àti díẹ̀ mìíràn. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí yóò jókòó, tí yóò so wọ́n pọ̀, tí yóò sì gbà kí àwọn ẹlòmíràn tún wọn ṣe.

Ìkádìí

Ìtàn tí a tọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn ohun tí àwọn baba wa mọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn jí. Aṣèlẹ̀kẹ̀ Igbó Olókun ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ní àṣeyè, onífọ́nrán ọdún 1970 ṣe tirẹ̀. Àwa tí a wà láàárín méjèèjì ni a lè fi ọ̀kan ṣàlàyé èkejì, bí a bá ti sọ pé àfiwé ni. Mo ti dáwọ́ ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró. Dípò rẹ̀, mo ń mú ife omi àti ẹ̀kún ọwọ́ iyọ̀ wá sí kíláàsì.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bèèrè ìbéèrè náà ti ṣe tán, ó ti lọ sìnrú ìlú. Mo ti fi ẹ̀dà iṣẹ́ yìí ránṣẹ́ sí i. Ó gba inú fọ́nrán dígí lọ.